Ajílẹ̀ Tí Kò Dé Ibi Gbòǹgbò

Ọdún kọkànlá rèé tí mo ti ń ta ajílẹ̀, irúgbìn àti oògùn kòkòrò nínú ṣọ́ọ̀bù kékeré kan ní Kétu, ní ìlú Èkó, níbi tí kò jìnnà sí ọjà Mile 12. Àwọn oníbàárà mi kì í ṣe àgbẹ̀ ńlá tí ń fi katakata túlẹ̀. Olóko ẹ̀fọ́ ni wọ́n, tí wọ́n ń gbin tẹ̀tẹ̀, ṣọkọ, ewédú, gbúre àti ugu sí ilẹ̀ àkùrọ̀ Alápẹ̀rẹ̀ àti Agbóyì, sí abẹ́ wáyà iná mànàmáná, àti sí ilẹ̀ tí olówó ti rà ṣùgbọ́n tí kò tíì kọ́. Bí ẹnikẹ́ni bá ra ẹ̀fọ́ tí ewé rẹ̀ dúdú mìnìjọ̀ ní àdúgbò wa, ó ṣeé ṣe kí ajílẹ̀ tí ó fún un ní àwọ̀ yẹn ti gba orí káńtà mi kọjá. Ohun tí mo fẹ́ kọ lónìí kò lè mú kí ọjà mi tà sí i. Bóyá ni kò ní dín in kù pàápàá. Ó ti dá mi lójú pé apá tí ó pọ̀ nínú ajílẹ̀ tí àwọn ènìyàn ń fi owó ra lọ́wọ́ mi kì í dé ibi gbòǹgbò, mo sì ti kúrò láàárín àwọn tí ń sọ pé àìmọ̀kan àgbẹ̀ ni ó fà á.

Òórùn ni ó kọ́kọ́ là mí lójú. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan nínú oṣù Kejì, tí oòrùn ń mú ganrínganrín, mo lọ sí oko bàbá kan tí gbogbo wa ń pè ní Bàbá Ráfíù, láti gba owó ọjà tí ó kù lọ́wọ́ wọn. Wọ́n gbá abọ́ rọ́bà kan mọ́ àyà, wọ́n ń bu yúríà, irú ajílẹ̀ kan, láti inú rẹ̀, wọ́n sì ń fọ́n ọn sórí ebè tẹ̀tẹ̀ bí ẹni ń fọ́n ọkà fún adìyẹ. Ilẹ̀ náà tutù díẹ̀, nítorí pé wọ́n ti bomi rin ín láàárọ̀. Bí mo ṣe ń sún mọ́ àwọn ebè tí wọ́n ti fọ́n tiwọn sí láti ọjọ́ méjì sẹ́yìn, nǹkan kan ta mí nímú, ó sì ta mí lójú, bí ìgbà tí ènìyàn bá ṣí ilẹ̀kùn ilé ìtọ̀ tí a kò fọ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan. Mo kí wọn, mo sì béèrè pé, "Bàbá, òórùn wo nìyí?"

"Òórùn yúríà ni, Ìyá Tóyìn," ni wọ́n dáhùn, wọ́n sì rẹ́rìn-ín. "Ojúlówó lo tà fún mi. Èyí tí kò bá rùn báyìí, ayédèrú ni."

Mo dákẹ́ ná, nítorí pé ìyìn ni wọ́n fi ń yìn mí. Ṣùgbọ́n mo mọ ohun tí òórùn náà jẹ́. Nínú 100 kílò yúríà, 46 ni náítrójìn, ìyẹn oúnjẹ tí ń mú kí ewé gbòòrò kí ó sì dúdú. Bí yúríà bá bọ́ sórí ilẹ̀ tí ó lọ́rinrin, ohun kan tí àwọn kòkòrò àìfojúrí inú ilẹ̀ ń mú jáde a máa tú u palẹ̀ láàárín ọjọ́ díẹ̀, a sì máa sọ ọ́ di amóníà. Bí èyí bá ṣẹlẹ̀ lábẹ́ ilẹ̀, ilẹ̀ á gbá a mú, gbòǹgbò á sì rí i jẹ. Bí ó bá ṣẹlẹ̀ lókè, nínú ooru, amóníà náà á di afẹ́fẹ́, á sì bá tirẹ̀ lọ. Ohun tí àgbẹ̀ ń pàdánù báyìí lè tó 30 nínú 100 ohun tí ó fọ́n sílẹ̀, ìgbà mìíràn sì wà tí ó ń jù bẹ́ẹ̀ lọ. Òórùn tí Bàbá Ráfíù ń fi ṣe ẹ̀rí ojúlówó, owó wọn ni ó ń bá atẹ́gùn lọ sí ọ̀nà Ìkòròdú.

Nígbà tí mo ṣàlàyé rẹ̀ fún wọn, wọn kò bá mi jiyàn. Wọ́n gbé abọ́ náà kalẹ̀, wọ́n na ẹ̀yìn wọn díẹ̀díẹ̀, wọ́n ní, "Ó yé mi. Ta ni yóò wá máa gbẹ́ ilẹ̀ bò ó? Ebè mẹ́rìnlélógún ni mo ní, ẹ̀yìn kan ṣoṣo sì ni Ọlọ́run fún mi."

N kò ní èsì. Ibi tí ọ̀pọ̀ ìmọ̀ràn nípa ajílẹ̀ ti ń fọ́ nìyẹn, kò sì mọ sí Èkó. Ní orílẹ̀-èdè Bangladesh, wọ́n ní ọgbọ́n kan fún oko ìrẹsì: wọ́n á tẹ yúríà pọ̀ di hóró ńlá tí kò tó gíráàmù mẹ́ta, wọ́n á sì rì í sínú ẹrẹ̀ ní nǹkan bí sẹ̀ntímítà 7 sí 10, láàárín ìdí ìrẹsì mẹ́rin. Ẹni tí ó bá ń ṣe bẹ́ẹ̀ lè dín yúríà tí ó ń lò kù ní nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta, kí ìkórè rẹ̀ sì tún gbé sókè. Kò sí àbùkù nínú ọgbọ́n náà. Síbẹ̀, ẹni tí ó bá ti bẹ̀rẹ̀ nínú ẹrẹ̀ láti àárọ̀ títí di ọ̀sán, tí ó ń fi ìka rì hóró kọ̀ọ̀kan mọ́lẹ̀, ni ó mọ ìdí tí àwọn kan fi ń padà sí fífọ́n. Owó tí wọ́n bá rí jèrè nínú yúríà, alágbàṣe á gbà á.

Èmi àti Bàbá Ráfíù tún ọ̀rọ̀ náà gbé yẹ̀ wò. Àárọ̀ àti ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n ń bomi rin oko wọn, omi kànga tí wọ́n gbẹ́ fúnra wọn sí ẹ̀gbẹ́ oko ni wọ́n sì ń lò. Ọ̀sán ni wọ́n fi ń fọ́n yúríà nítorí pé ìgbà yẹn ni ọwọ́ wọn ń dilẹ̀: alájàpá ti kó ẹ̀fọ́ lọ, omi ìrọ̀lẹ́ kò sì tíì yá. Mo ní kí wọ́n sún fífọ́n náà sí ìrọ̀lẹ́, kí wọ́n sì bomi lé e lórí lójú ẹsẹ̀, kí omi wọ́ ọ lọ sísàlẹ̀ kí ó tó tú palẹ̀. Kò fi iṣẹ́ kankan kún iṣẹ́ wọn. Wákàtí mẹ́rin péré ni a sún nǹkan síwájú. Orí ebè méjì ni wọ́n ti kọ́kọ́ dán an wò, nítorí pé wọn kì í gba ọ̀rọ̀ ẹnikẹ́ni gbọ́ lójú kan. Wọn kò wá jábọ̀ fún mi. Ṣùgbọ́n ní oṣù kejì sí i, kóńgò mẹ́rin ni wọ́n rà dípò mẹ́fà, wọn kò sì sọ ìdí.

Ọ̀rọ̀ òṣùwọ̀n ni ó gbà mí ní àkókò jù. Oníbàárà mi kan wà tí a ń pè ní Ìyá Ìbejì, ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ yá tí kì í sì í jẹ gbèsè, tí ó máa ń fọ́n kóńgò yúríà kan sórí ebè mẹ́ta. Ebè rẹ̀ gùn ní mítà 10, ó sì fẹ̀ ní mítà 1, èyí túmọ̀ sí pé ẹgbẹ̀rún irú ebè bẹ́ẹ̀ ni yóò pé hẹ́kítà kan. Kóńgò mi fi díẹ̀ lé ní kílò kan. Mo ṣírò rẹ̀ ní ẹ̀yìn ìwé gbèsè mi ní alẹ́ ọjọ́ kan tí kò sí iná: ó ju 150 kílò náítrójìn lọ lórí hẹ́kítà kan ní fífọ́n ẹ̀ẹ̀kan, ẹ̀ẹ̀mejì ni ó sì ń fọ́n ọn kí tẹ̀tẹ̀ rẹ̀ tó tó já, láàárín nǹkan bí oṣù kan. Mo tún un ṣírò, nítorí pé mo rò pé mo ṣìṣe.

Kí a tó pe Ìyá Ìbejì ní apà, ó yẹ kí a mọ bí ó ṣe ń ta ọjà. Kí ilẹ̀ tó mọ́ ni alájàpá ń dé, tòun ti tọ́ọ̀ṣì, ojú ni ó sì fi ń ra ẹ̀fọ́. Ebè tí ewé rẹ̀ bá pọ́n díẹ̀, á fò ó kọjá lọ sí oko ẹlòmíràn, ẹ̀fọ́ kì í sì í dúró de ẹni tí yóò rà á lọ́la. Bí yúríà tilẹ̀ wọ́n, iye tí ó fi ń ra àbọ̀ kóńgò lé sí i kò tó ohun tí ó máa pàdánù bí alájàpá kan bá kọ ebè méjì. Ilẹ̀ tí ó ń dá kì í ṣe tirẹ̀. Onílẹ̀ lè gbé búlọ́ọ̀kù dé lọ́la. Ẹni tí kò mọ̀ bóyá òun yóò wà lórí ilẹ̀ kan ní ọdún tí ń bọ̀ kò lè máa tọ́jú ilẹ̀ náà bí ẹni tọ́jú ọmọ. Nítorí náà, yúríà àfikún tí ó ń fọ́n jẹ́ irú ààbò kan fún un, gẹ́gẹ́ bí ẹni tí ó kó agbòòrùn lọ́wọ́ nígbà tí òjò kò tíì ṣú. Ìmọ̀ràn tí ó bá kàn sọ fún un pé "dín in kù" ń sọ fún un pé kí ó ju agbòòrùn rẹ̀ nù.

Ohun tí mo ṣe ni pé mo gbé agolo mílíìkì kan, èyí kékeré tí a máa ń lù ní ihò méjì, mo fọ̀ ọ́, mo gé orí rẹ̀, mo sì bu yúríà kún un lórí òṣùwọ̀n. Gíráàmù 120 ni. Agolo kan sórí ebè kan jẹ́ nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta ohun tí Ìyá Ìbejì ń fọ́n. N kò ní kí ó yí oko rẹ̀ padà. Mo ní kí ó mú ebè kan péré, èyí tí ó wà ní ìkangun tí alájàpá kì í tètè dé, kí ó sì fi agolo náà wọn tirẹ̀. Ó wò mí bí ẹni tí oorun ń kùn. Nígbà tí ó di ọjọ́ jíjá, kò sí ìyàtọ̀ tí ojú alájàpá lè rí láàárín ebè yẹn àti èkejì rẹ̀, wọ́n sì ra méjèèjì ní iye kan náà. Láti ìgbà náà ni agolo mílíìkì ti ń so rọ̀ pẹ̀lú okùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ òṣùwọ̀n mi. Wọ́n ti jí i lẹ́ẹ̀mejì, mo sì kà á sí pé ẹ̀kọ́ náà ń tàn kálẹ̀.

Ibi tí ìyókù ń lọ tún jẹ́ ọ̀rọ̀ kan. Yanrìn ni ilẹ̀ wa, yanrìn kì í sì í di oúnjẹ mú. Náítrójìn tí kò bá fò lọ, tí gbòǹgbò kò sì rí jẹ, á di náítírétì, á sì bá omi rìn wọ inú ilẹ̀ lọ. Kànga olóko kò jìn ju gíga ènìyàn lọ ní ibòmíràn, omi inú rẹ̀ sì ni àwọn kan ń mu bí oòrùn bá mú wọn. Àjọ Ìlera Àgbáyé ti sọ pé náítírétì inú omi mímu kò gbọdọ̀ ju mílígíráàmù 50 nínú lítà kan lọ, nítorí àwọn ọmọ ọwọ́ ní pàtàkì. Èyí tí ó bá dé ọ̀sà sì ń bọ́ àwọn ewéko orí omi tí ń dí ọ̀nà mọ́ ọkọ̀ àwọn apẹja. A ń ra ajílẹ̀ fún òjúoró láìmọ̀.

Ẹni tí ó bá ka ọ̀rọ̀ mi dé ibí lè rò pé ajílẹ̀ ti pọ̀ jù ní ilẹ̀ Áfíríkà. Òdì kejì rẹ̀ ni ó jẹ́ òtítọ́ ní ibi tí ó pọ̀ jù lọ. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2006, àwọn olórí Áfíríkà péjọ sí Àbújá, wọ́n sì pinnu pé ajílẹ̀ tí àwọn àgbẹ̀ ń lò yóò kúrò ní nǹkan bí kílò 8 lórí hẹ́kítà kan, yóò sì di kílò 50 ní ọdún 2015. Ọdún 2015 dé, ó kọjá, wọn kò bá ìpinnu náà pàdé. Nítorí náà, nígbà tí Ìyá Ìbejì ń da yúríà sórí ebè mítà 10 ní Alápẹ̀rẹ̀, àgbẹ̀ àgbàdo tàbí ti jéró wà ní ibòmíràn tí kò rí ẹ̀kúnwọ́ kan fi sí ìdí ọ̀gbìn rẹ̀. Ọ̀rọ̀ "ẹ lò ó sí i" àti ọ̀rọ̀ "ẹ dín in kù" lè jẹ́ òtítọ́ ní ọjọ́ kan náà, ó kù sí ọwọ́ ẹni tí a ń bá sọ̀rọ̀.

Ohun tí ó yà mí lẹ́nu ni pé irú ohun èlò kan náà ni ó wúlò fún àwọn méjèèjì. Ní Niger, Mali àti Burkina Faso, àwọn onímọ̀ ilé-iṣẹ́ ìwádìí ICRISAT kọ́ àwọn àgbẹ̀ jéró àti ọkà bàbà láti máa fi ìdérí ìgò mínírà wọn ajílẹ̀. Ìdérí kan, tí ó jẹ́ nǹkan bí gíráàmù 6, ni wọ́n ń dà sínú ihò tí wọ́n gbin hóró sí, dípò kí wọ́n fọ́n ọn káàkiri ilẹ̀ tí koríko yóò ti bá wọn jẹ nínú rẹ̀. Ìròyìn wọn fi hàn pé ìkórè gbé sókè láti 44 títí dé 120 nínú 100, pẹ̀lú ajílẹ̀ tí kò tó ohun tí ìwé ìjọba ní kí wọ́n lò. Ìdérí ìgò mú kí ẹni tí kò ní nǹkan lè bẹ̀rẹ̀. Agolo mílíìkì mú kí ẹni tí ń lò ó ju bó ti yẹ lọ lè dúró. Kò sí èyí tí ó gba ìwé kíkà nínú méjèèjì.

Ìwádìí tí ó wọ̀ mí lára jù lọ ni ti Busia, ní ìwọ̀-oòrùn Kẹ́ńyà, tí Esther Duflo, Michael Kremer àti Jonathan Robinson ṣe. Àwọn méjì àkọ́kọ́ wà lára àwọn tí ó gba ẹ̀bùn Nobel nínú ìmọ̀ ọrọ̀ ajé ní ọdún 2019. Wọ́n rí i pé àbọ̀ ṣíbí ìpotíì kan ní ìdí àgbàdo kọ̀ọ̀kan mú èrè wá, nǹkan bí 36 nínú 100 owó tí a ná sí i, láàárín àsìkò ọ̀gbìn kan. Gbogbo ohun tí ìjọba ní kí àgbẹ̀ lò pátápátá, pẹ̀lú irúgbìn olówó ńlá, kò mú èrè wá fún àgbẹ̀ wọ̀nyẹn. Síbẹ̀, púpọ̀ nínú wọn kì í lo èyí tí ó lérè, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n sì mọ̀ pé ó dára, wọ́n tilẹ̀ ní ó wà lọ́kàn àwọn láti rà á. Owó ni kì í sí lọ́wọ́ wọn mọ́ nígbà tí àsìkò rẹ̀ bá dé. Nígbà tí àwọn olùwádìí wá ń lọ bá wọn nílé ní kété tí wọ́n kórè tán, tí owó ṣì wà lọ́wọ́, tí wọ́n ń gba owó ajílẹ̀ sílẹ̀ tí wọn yóò sì gbé e wá fún wọn lọ́fẹ̀ẹ́ nígbà tí ọ̀gbìn bá yá, àwọn tí ó lò ó pọ̀ sí i, àní ju ìgbà tí wọ́n dín iye rẹ̀ kù sí ìdajì nígbà tí owó ti tán lọ́wọ́ àgbẹ̀.

Èmi tí mo ń ta ọjà àwìn mọ ìtàn yìí kí n tó kà á. Nígbà tí ewé bá ti pọ́n ni wọ́n ń sáré wá, ìgbà yẹn sì ni owó kì í sí. Mo dá àjọ kan sílẹ̀: ẹni tí ó bá ta ẹ̀fọ́ láàárọ̀ yóò fi ìwọ̀nba owó sílẹ̀ lọ́dọ̀ mi kí ó tó lọ sílé, èmi yóò sì fún un ní ajílẹ̀ nígbà tí ó bá nílò rẹ̀, ní iye tí ọjà wà ní ọjọ́ tí ó bẹ̀rẹ̀ sí í dá owó. Àjọ náà dùn títí di ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2022. Ogun bẹ́ sílẹ̀ ní Ukraine, iye ajílẹ̀ gbéra sókè ní gbogbo ayé, mo sì di ẹni tí ó jẹ ènìyàn mọ́kàndínlógún ní gbèsè ọjà tí n kò lè rà ní iye tí mo ṣèlérí. Mo san án, ó sì ju ọdún kan lọ kí ṣọ́ọ̀bù mi tó bọ̀ sípò. Mo ti tún àjọ náà bẹ̀rẹ̀ báyìí, ṣùgbọ́n owó tí ènìyàn bá dá ni ó ń fi ra ọjà lójú ẹsẹ̀. Mo ń bá wọn tọ́jú àpò náà sínú ilé, n kò sì tún ṣèlérí iye fún ẹnikẹ́ni mọ́.

Títọ́jú àpò ní Èkó sì ní wàhálà tirẹ̀. Ajílẹ̀ a máa fa omi inú afẹ́fẹ́ mọ́ra. Ní oṣù Keje ọdún kan, òrùlé mi jò sórí àpò yúríà mẹ́rin, wọ́n sì le gbagidi bí òkúta. Gbogbo ẹni tí ó fọwọ́ kàn án ni ó ní ayédèrú ni, tàbí pé agbára rẹ̀ ti tán. Mo tà á ní ìdajì iye fún ẹnì kan tí ó fi òòlù fọ́ ọ. Ẹ̀yìn ìgbà náà ni mo kà nípa ìwádìí kan tí wọ́n ṣe ní Tanzania, níbi tí àwọn àgbẹ̀ gbà gbọ́ tọkàntọkàn pé àwọn ọlọ́jà ń lú yúríà tí àwọn ń rà. Àwọn olùwádìí ra ju 600 àpẹẹrẹ ajílẹ̀ lọ, wọ́n yẹ̀ wọ́n wò, náítrójìn inú wọn sì pé. Ohun tí àgbẹ̀ ń rí tí ó ń pè ní ayédèrú ni dídì àti àwọ̀ tí ó ṣá. Mo rántí ẹni tí ó fi òòlù fọ́ tèmi: ó ti kó èrè ìdajì lọ, nítorí pé yúríà tí ó dì, tí kò tíì yọ́ dànù, yúríà náà ni. Èmi kò sọ pé kò sí oníjìbìtì. Òfin kan wà ní Nàìjíríà láti ọdún 2019 tí ó ń jẹ ẹni tí ó bá lú ajílẹ̀ níyà, a kì í sì í ṣe òfin fún ohun tí kò sí. Ṣùgbọ́n ìfura tí ó ju bó ti yẹ lọ náà ń ná àgbẹ̀ ní owó, torí pé ẹni tí ó bá gbà pé àbọ̀ agbára ni ó wà nínú àpò, ìlọ́po méjì ni yóò fọ́n.

Ọ̀rọ̀ NPK, ìyẹn ajílẹ̀ tí náítrójìn, fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì àti pòtásíọ́mù jọ wà nínú rẹ̀, kò ní pẹ́. Ohun tí 15-15-15 ara àpò túmọ̀ sí ni 15 nínú 100 fún oúnjẹ mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ìyẹn kílò méje àbọ̀ ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú àpò 50 kílò. Olóko ẹ̀fọ́ tí ó ti da ìgbẹ́ adìyẹ tí ó jẹrà dáadáa sórí ebè rẹ̀ ti ní fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì tó, nítorí pé ìgbẹ́ adìyẹ ní i lọ́pọ̀. Ẹni bẹ́ẹ̀ tí ó tún ń ra NPK ń san owó ohun tí ó ti wà ní ilé. Ìgbẹ́ adìyẹ náà sì ń ṣe ohun tí yúríà kò lè ṣe láé: ó ń fún yanrìn ní ara tí yóò fi di omi àti oúnjẹ mú. Mo máa ń sọ èyí fún àwọn oníbàárà mi, ọkọ mi sì máa ń bi mí léèrè bóyá mo fẹ́ ti ṣọ́ọ̀bù pa.

Ìjọba wa kò jókòó lásán. Ní ọdún 2012, nígbà tí Akínwùmí Adéṣínà jẹ́ mínísítà ètò ọ̀gbìn, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìwé ránṣẹ́ sórí fóònù àgbẹ̀ kí ó lè ra àpò méjì ní ìdajì owó láìgba ọwọ́ àwọn alágbàtà. Ní oṣù Kẹta ọdún 2022 ni wọ́n ṣí ilé-iṣẹ́ yúríà Dangote ní Ìbẹ̀jú-Lẹ́kì, tí a kọ́ láti máa ṣe mílíọ̀nù mẹ́ta tọ́ọ̀nù lọ́dún láti inú afẹ́fẹ́ gáàsì. Mo yọ̀ sí méjèèjì. Àpò ni àwọn méjèèjì ń kà, ìyàtọ̀ sì wà láàárín àpò tí ó dé ọwọ́ àgbẹ̀ àti náítrójìn tí ó dé ẹnu gbòǹgbò. Ìwé orí fóònù tí ó lè sọ pé "lọ gba àpò méjì" lè sọ pẹ̀lú pé "ìrọ̀lẹ́ ni kí o fọ́n ọn, kí o sì bomi lé e."

Ní Ṣáínà, láàárín ọdún 2005 sí 2015, wọ́n ṣe iṣẹ́ kan tí mo fẹ́ràn láti máa sọ nípa rẹ̀. Nǹkan bí mílíọ̀nù 21 àgbẹ̀ kékeré ni wọ́n bá ṣiṣẹ́ lórí àgbàdo, ìrẹsì àti àlìkámà. Ìkórè gbé sókè ní nǹkan bí 11 nínú 100, náítrójìn tí wọ́n lò sì dín kù ní nǹkan bí 15 sí 18 nínú 100. Àwọn onímọ̀ tí ó darí rẹ̀ fi díẹ̀ lé ní ẹgbẹ̀rún kan. Àwọn tí ó pọ̀ jù nínú àwọn tí ó gbé ọ̀rọ̀ náà dé oko ni àwọn òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ tí ń ta nǹkan fún àgbẹ̀, wọ́n ju 130,000 lọ. Àwọn ẹgbẹ́ mi nìyẹn. Ní ọdún mọ́kànlá tí mo ti wà ní Kétu, n kò tíì rí òṣìṣẹ́ ọ̀gbìn kan tí ó dé oko Bàbá Ráfíù, bẹ́ẹ̀ ni bàbá náà ń dé ọ̀dọ̀ mi ní ọ̀sẹ̀ méjì méjì. Bí ẹnikẹ́ni bá ń wá ibi tí yóò ti bẹ̀rẹ̀, kí ó wá sí ẹ̀yìn káńtà wa, kí ó kọ́ wa, kí ó sì ronú nípa bí àwa náà yóò ṣe jẹun bí àwọn oníbàárà wa bá ń ra ìdá méjì dípò mẹ́ta. Ní tèmi, irúgbìn tí mo ń tà ti pọ̀ sí i, nítorí pé owó tí Ìyá Ìbejì kò ná sórí yúríà mọ́ ti di ebè tuntun mẹ́rin.

Bàbá Ráfíù wọlé ní ọjọ́ Sátidé tí ó kọjá. Wọ́n wọn yúríà wọn pẹ̀lú agolo, wọ́n gbé ẹ̀kúnwọ́ kan sí imú, wọ́n sì wò mí tìfura-tìfura.

"Ìyá Tóyìn, láti ìgbà tí mo ti ń fi omi ìrọ̀lẹ́ lé e lórí, yúríà yìí kò rùn mọ́. Ṣé ó dá ọ lójú pé ojúlówó ni?"

"Bàbá, báwo ni ewé ṣe rí?"

Wọ́n ronú díẹ̀. "Ewé dúdú," ni wọ́n wí, wọ́n sì san owó wọn.